Ohun tí Mò Ń Retí Níbi Àjọ̀dún Fíìmù Ìṣojúmikòró

Ìfáárà

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ mi, nítorí pé òun gan-an ni ìpìlẹ̀ ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi sọ.

Agége ni a bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì dàgbà sí. Ẹni tí ó bá mọ Agége dáadáa yóò mọ oríta kan tí à ń pè ní Pẹ́ẹ̀nì Sinimá. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń pe orúkọ náà. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ lónìí tí ó ní kí a fi sinimá han òun, afárá gàgàrà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní ọdún 2021 ni yóò rí lókè orí rẹ̀. Ilé sinimá àtijọ́ tí ó fún oríta náà ní orúkọ ti kógbá sílé. Àwọn bàbá wa wo fíìmù Íńdíà níbẹ̀ nígbà èwe wọn; àwa ọmọ wọn kò bá a. Orúkọ nìkan ni ó kù fún wa.

Láti ìgbà tí mo ti wọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó kù lẹ́yìn tí ohun tí ó ni ín ti lọ ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí àjọ̀dún kan tí ó ń bọ̀ ní Erékùṣù Èkó. iREP ni orúkọ rẹ̀, inú oṣù Kẹta ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Fẹ́mi Odùgbẹ̀mí, Jahman Aníkúlápó àti Makin Sóyínká wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Kì í ṣe eré tí a fi orí gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń gbé lárugẹ níbẹ̀ bí kò ṣe fíìmù tí ó dá lórí ènìyàn gidi, ibi gidi àti ìṣẹ̀lẹ̀ gidi. Ohun tí wọ́n fi ṣe òpó àjọ̀dún náà ni pé kí Áfíríkà máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Freedom Park, lójú ọ̀nà Broad Street, ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ní ọdún 2010 ni ó di ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́ nígbà kan ni àwọn ènìyàn ti wá ń sọ ohun tí ó ṣojú wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, "Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá lọ síbẹ̀? Àbí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ni ìwọ wà?" Àròkọ yìí ni mo fi dá a lóhùn.

Kí ni kí a máa pe irú fíìmù yìí?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. John Grierson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni a gbà pé ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà, documentary, pe irú fíìmù yìí, nínú ìwé ìròyìn kan ní New York ní oṣù Kejì ọdún 1926. Fíìmù Moana, tí Robert Flaherty yà ní erékùṣù Samoa, ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìwé ẹ̀rí ni ó lò, bí ẹni pé fíìmù náà jẹ́ ìwé tí ènìyàn lè gbé lọ sí kóòtù.

Báwo ni àwa ṣe lè pè é? Àwọn kan ń pè é ní "fíìmù ìtàn". N kò fara mọ́ èyí, nítorí pé ìtàn Ìjàpá náà ìtàn ni, ìtàn Odùduwà náà ìtàn ni. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ jù. Àwọn mìíràn ń pè é ní "fíìmù òtítọ́". Orúkọ yìí dùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣèlérí ju ohun tí ó lè san lọ. Ẹni tí ó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ ni ó ń yan ibi tí yóò kọ ojú rẹ̀ sí. Ohun tí ó bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn kò níí sí nínú fíìmù náà, òtítọ́ sì ni ohun ọ̀hún pẹ̀lú.

Èmi fara mọ́ "fíìmù ìṣojúmikòró". Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ jẹ́rìí, kì í sọ pé, "Òtítọ́ ni mo ní lọ́wọ́." Ohun tí ó máa ń sọ ni pé, "Ó ṣojú mi kòró." Gbólóhùn yìí kò sọ pé mo mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé mo wà níbẹ̀, ojú mi ni mo fi rí i, ẹ sì lè bi mí léèrè ibi tí mo dúró sí. Àwọn oníwèé ìròyìn wa ti ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ìròyìn tí akọ̀ròyìn fi ojú ara rẹ̀ rí. Kò sí ohun tí ó burú bí a bá yá a lò fún fíìmù.

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé wà lára àwọn aṣáájú wọn, jókòó láti gbé èdè-ìperí kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ Yorùbá. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ Yorùbá ní yunifásítì lónìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n n óò fi hàn láìpẹ́ pé ibòmíràn tún wà tí èdè-ìperí ti ń jáde, tí a kì í sábà wá a dé.

Bí fíìmù ìṣojúmikòró ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, Auguste àti Louis Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, fi fíìmù han àwọn ènìyàn ní ìlú Paris. Kí ni ó wà nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn? Kì í ṣe eré ìfẹ́, kì í sì í ṣe eré ogun. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń jáde ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ Lumière ní ìlú Lyon ni. Obìnrin pọ̀ nínú wọn, àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀, ajá kan náà kọjá. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé n óò padà sí i nígbà tí a bá dé Ìkẹjà.

Kò ju ọdún mẹ́jọ lọ lẹ́yìn náà tí sinimá fi dé Èkó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù han ará ìlú ní Glover Memorial Hall. Ní ọdún 1904, Aláké Ẹ̀gbá, Ọba Gbádébọ̀ Kìíní, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ya àwòrán ìrìnàjò náà, nígbà tí wọ́n sì fi í hàn ní Èkó, èrò ya lọ wò ó. Ẹ ronú sí i: àwọn ènìyàn wa kò tíì mọ sinimá dáadáa, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba aládé tí wọ́n mọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n rọ́ lọ. Ẹni tí a mọ̀ ni a fẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó fi rí i pé a lè fi fíìmù kọ́ ènìyàn ní ohun tí wọ́n bá fẹ́. William Sellers, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, ya fíìmù kan tí ó jáde ní ọdún 1937 lórí bí wọ́n ṣe ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ní Èkó. Ní ọdún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀, Sellers sì di ọ̀gá níbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ni wọ́n fi ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú, tí wọn yóò ta aṣọ funfun lálẹ́, tí tọmọdé tàgbà yóò sì pé jọ.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa onímọ̀ èdè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù wọnnì kò ní ohùn. Ẹnì kan ni yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ funfun náà, tí yóò máa fi èdè ìlú ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí. Òǹwòran yóò rẹ́rìn-ín, yóò dáhùn, yóò béèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọkọ̀ yóò gbé fíìmù lọ, àwòrán yóò sì wà nínú agolo títí di òní. Ṣùgbọ́n ohùn ògbufọ̀ náà kò sí lára fíìmù. Ohun tí ó jẹ́ ti òyìnbó nínú rẹ̀ ni a tọ́jú. Ohun tí ó jẹ́ tiwa nínú rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àwọn fíìmù mìíràn tẹ̀ lé e. Daybreak in Udi, tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Ìgbò, gba ẹ̀bùn Oscar ti ọdún 1949 fún irú fíìmù yìí. Ní ọdún 1963, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ láti Kánádà, àti Frank Speed gbé fíìmù kan jáde lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń tọ́jú alárùn ọpọlọ. Wèrè Ni! ni orúkọ rẹ̀. Kí ènìyàn tó jókòó wò ó ni orúkọ náà ti dájọ́ fún aláìsàn.

Láti ìgbà náà, kámẹ́rà ti bọ́ sọ́wọ́ àwa náà. Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Fáàjì Àgbà, tí Rẹ̀mí Vaughan-Richards gbé jáde ní ọdún 2015. Àwọn àgbà olórin Èkó tí ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, tí Kúnlé Téjúoṣó kó jọ, ni fíìmù náà dá lé lórí. Fatai Rolling Dollar wà nínú wọn. Ọdún 2013 ni bàbá náà kú, ọdún méjì kí fíìmù náà tó jáde. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n sọ pé àwọn yóò dúró di ìgbà tí owó bá pé ni, kí ni ìbá kù?

Ìkẹjà, Agége àti ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi

Mo ti ṣèlérí pé n óò padà sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni ìjọba náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ ní Ìkẹjà. Lójú ọ̀nà Ọba Akran àti ní Àgídíngbì, wọ́n ń ṣe táyà, wọ́n ń pọn ọtí, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń po ọ̀dà, wọ́n ń ṣe oúnjẹ inú agolo. Agége ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbé, nítorí pé ilé kò wọ́n níbẹ̀ bí ti Ìkẹjà, rélùwéè sì wà. Ìdájí ni wọ́n ń jí, búrẹ́dì Agége lọ́wọ́ kan, ike oúnjẹ lọ́wọ́ kejì.

Ayé wá yí. Iná mànàmáná kò dúró, owó epo tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ga, aṣọ fàyàwọ́ láti òkè òkun kún ọjà. Dunlop, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà ní Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró ní ọdún 2008. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ti ń tì ṣáájú ìgbà náà. Òmíràn nínú ilé wọn ti di ibi ìkẹ́rùsí, òmíràn ti di ilé ìjọsìn.

Bàbá mi wà lára àwọn tí ó rí i. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ìdílé ahunṣọ òfì ni wọ́n sì ti wá. Ní ọdún 1984 ni wọ́n wọ ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní agbègbè wa. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi wà nídìí ẹ̀rọ kí ilé-iṣẹ́ náà tó tì, wọn kò sì rí owó ìfẹ̀yìntì wọn gbà pé. N kò kọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni sùn. Ohun tí ó mú mi kọ ọ́ ni pé ìró ẹ̀rọ tí wọ́n gbọ́ fún ọdún méjìlélógún ti ba etí wọn jẹ́. Bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé, mo ní láti pariwo. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nínú àwọn méje tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kan náà, mẹ́ta péré ni ó kù láyé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Irin kan wà lára ẹ̀rọ ìhunṣọ, tí ó ń gbé òwú sáré láti ọ̀tún lọ sí òsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò ti ìlú ahunṣọ wá ń pè é ní "ṣọ́tù", gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ti ń pè é. Bàbá mi kò gbà. "Ọ̀kọ̀" ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí bàbá tiwọn ń pe igi tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú òfì ní Ìsẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá ń to òwú gígùn sílẹ̀ kí ìhunṣọ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ó ń "ta òwú". Kò pẹ́ tí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì tí ó wà níbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òru wá di "àìsùn" lẹ́nu wọn, bí ẹni tí ó ń lọ sí àìsùn òkú. Bí ìyàwó bá bi ọkọ pé, "Ibo lò ń lọ lálẹ́ yìí?" èsì rẹ̀ ni pé, "Àìsùn ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n a kò níí jẹ ẹran níbẹ̀."

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ṣé ẹ rí i? Èdè-ìperí nìyí. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lé e. Láàrin ariwo ẹ̀rọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti mú ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún ohun titun, tí ó sì bá a mu rẹ́gí. N kò rí ibi tí a kọ èyíkéyìí nínú wọn sí nínú àwọn ìwé tí mo kà fún iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ kò ṣe é kọ sínú ìwé rárá. Nítorí ariwo, ẹnu kò ràn wọ́n lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ. Ọwọ́ àti ètè ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ìka kan gé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá, òwú ti já nìyẹn. Bí ó bá fi ọwọ́ kan iwájú orí, súpáfáísọ̀ ń bọ̀ nìyẹn. Èdè kan odindi ni wọ́n dá sílẹ̀. Báwo ni n óò ṣe kọ ọ́? Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò lè gbà á, nítorí pé kò ní ohùn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ń ṣe iṣẹ́ ìjálá tí ó di ìwé ní ọdún 1966, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọdẹ ni wọ́n lọ gbà sílẹ̀, wọ́n sì ṣe é dójú àmì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Ìkẹjà, kámẹ́rà nìkan ni ó lè bá wa mú un.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí mò ń lọ kọ́

Ẹ̀kọ́ kìíní ni bí a ti í béèrè ọ̀rọ̀. Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo gbé fóònù mi kalẹ̀ níwájú bàbá mi, mo ní kí wọ́n sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn nídìí iṣẹ́. Wọ́n wọlé lọ wọ aṣọ àwọ̀jáde. Wọ́n jókòó ṣinṣin, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ orúkọ wọn àti ọdún tí a bí wọn, bí ẹni tí ó wà níwájú máníjà tí ó ń wá iṣẹ́. Kò sí ọ̀kọ̀, kò sí àìsùn, ọwọ́ wọn kò kúrò lórí orúnkún. Mo béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, mo gba èsì mẹ́wàá, n kò sì rí nǹkan kan mú kúrò níbẹ̀. Ìyá mi tí wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ò ń bá bàbá rẹ ṣẹjọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìmọ̀ ni mo ní, n kò ní ọgbọ́n. Mo wá ka ìtàn bí Jean Rouch, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ya fíìmù rẹ̀ tí ó pè ní Jaguar. Ní ọdún 1954 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Niger tí wọ́n lọ wá iṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Ghana lónìí. Àwòrán rẹ̀ kò ní ohùn. Ohun tí ó ṣe ni pé lẹ́yìn náà ó fi àwòrán náà han àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀hún, ó sì ní kí wọ́n máa sọ ohun tí ó bá wá sí wọn lẹ́nu bí wọ́n ti ń wò ó. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá ara wọn jà, wọ́n ń parọ́, wọ́n ń rántí. Ọdún 1967 ni fíìmù náà jáde. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n ní ìbéèrè. Ojú wọn ni ó bi ẹnu wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà bá Rouch wí, pàápàá jù lọ Ousmane Sembène, ẹni tí ó sọ fún un lójú ara rẹ̀ ní ọdún 1965 pé ó ń wò wá bí ẹni ń wo kòkòrò. Ìbáwí náà tọ́ kí a gbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá ẹni bá pa ọ̀yà, a kò gbọdọ̀ pè é ní emọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì ni èdè tí fíìmù yóò sọ. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù nípa Yorùbá, bàbá àgbà kan yóò máa sọ̀rọ̀. Kí ó tó sọ gbólóhùn kejì, ohùn ẹlòmíràn yóò ti gbé Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí bí ẹni gbé ọmọrí lé ìkòkò. Ògbufọ̀ ayé Sellers bo àwòrán òyìnbó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wa. Àwa náà wá ń fi ọ̀rọ̀ òyìnbó bo ọ̀rọ̀ wa. Safi Faye, obìnrin ilẹ̀ Senegal, ya fíìmù kan lórí àwọn àgbẹ̀ ní abúlé ìdílé rẹ̀, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1975. Èdè Wolof ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ, Kaddu Beykat, èyí tí ó túmọ̀ sí ohùn àgbẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí àwọn tí yóò wá sí àjọ̀dún náà ṣe ń ṣe tiwọn. Mo sì fẹ́ bi wọ́n pé, nígbà tí wọ́n bá ń kọ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ta ni ó ń bá wọn fi àmì ohùn sí i? Bí a bá kọ "oko" lásán, ṣé oko àgbẹ̀ ni, ṣé ọkọ ìyàwó ni, ṣé ọkọ̀ ojú irin ni, àbí ọ̀kọ̀ ahunṣọ? Iṣẹ́ wa nìyí, ẹ̀yin ará. Kò sí ẹni tí yóò bá wa ṣe é bí àwa kò bá ṣe é.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni sùúrù. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, Wang Bing gbé kámẹ́rà kékeré kan wọ agbègbè Tiexi ní ìlú Shenyang, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń tì, láàrin ọdún 1999 sí 2001. Fíìmù tí ó mú jáde ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Ó wà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yá iná, níbi tí wọ́n ti ń ta ayò, níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, títí ẹ̀rọ fi dákẹ́. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, Ìkẹjà ni mo rí. Tiexi ní ẹlẹ́rìí. Àwọn ará Lyon jáde ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn fún ìṣẹ́jú kan, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n títí di òní. Bàbá mi jáde ní ẹnu ọ̀nà tiwọn fún ìgbà ìkẹyìn, wọ́n wọ mọ́tò wálé, kò sì sí ẹni tí ó yà wọ́n.

Ìkádìí

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo gbìyànjú ọgbọ́n Rouch. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2024, ní ibùdó Agége, mo sì sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà. Láti ibẹ̀ mo gba ọ̀nà Ọba Akran lọ, mo ń fi fóònù ya ògiri, géètì àti orí ilé bí mo ti ń lọ. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo délé, mo gbé fóònù náà ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, mo ní kí bàbá mi wò ó.

Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Dúró níbẹ̀. Dá a padà." Wọ́n tọ́ka sí géètì kan. Wọ́n sọ ibi tí ìyá oníràìsì máa ń jókòó sí, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn kò fún ní iṣẹ́ pípẹ́ ti ń tò láàárọ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ fèrè. Yorùbá Ìsẹ́yìn tí wọn kì í sábà sọ mọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ hàn mí bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí ó wà ní ẹ̀rọ kejì sọ̀rọ̀: òwú já, súpáfáísọ̀ ń bọ̀, bá mi mú omi wá, ó ku wákàtí kan. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí n kò tíì rí rí.

N kò rí i yà. Fóònù kan ṣoṣo tí mo ní ni ó wà lórí tábìlì, tí ó ń fi géètì hàn wọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ àròkọ yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa dípò kí n kàn dá lọ sí àjọ̀dún náà. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Ẹnì kan ní láti fi àwòrán hàn, ẹnì kan ní láti yà, ẹnì kan ní láti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó yẹ. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a yan ènìyàn márùn-ún tí yóò lọ sí iREP. Láti Agége, ọkọ̀ ojú irin yóò gbé wa dé Òyìngbò, a ó sì wọ mọ́tò dé Broad Street. Kí a jókòó, kí a wò, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí a bá padà dé, kí olúkúlùkù wa wá àgbà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìkẹjà, ní Agége tàbí níbikíbi tí ẹ̀rọ ti dákẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa náà pé kí ẹ jẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá, bí a ti ń gba oríkì àti ìjálá.

Pẹ́ẹ̀nì Sinimá ti lọ, orúkọ rẹ̀ ni ó kù. Ní ti ọ̀kọ̀ àti àìsùn àti èdè ọwọ́ àwọn ahunṣọ, ẹni tí ó ni wọ́n ṣì wà láyé. Ilé wa ni wọ́n wà, wọ́n sì ti ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò tún gbé géètì náà wá kí àwọn wò ó. Ta ni yóò bá mi gbé fóònù kejì wá?

Èdè Yorùbá kò níí parun o. Ire o.